Dáráfù Abẹ́ Igi Furúùtù

Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi ní dáráfù. Ẹ̀wà ni mo ń ṣà tí mo fi mọ̀ ọ́n.

Ní Agége, ní bí ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira, iwájú ilé tí a háyà ni bẹ́ǹṣì dáráfù wà, lábẹ́ igi furúùtù. Ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, ló fi pákó ṣe ọpọ́n ayò náà, ló kùn ún ní dúdú àti funfun. Ìdérí ìgò ni ọmọ rẹ̀: ti ẹnì kan á dojú dé, ti ẹnì kejì á ṣíjú sókè. Ìta níbẹ̀ náà ni àdògán mi wà, ọdún méjì gbáko ni mo sì fi ń dáná tí mo ń wo bí ọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń pa ara wọn nínú eré náà. Òfin wọn ò pọ̀. Bí o bá rí ọmọ tó ṣeé jẹ, dandan ni kí o jẹ ẹ́. Ọmọ tó bá dé ìdí ilé ẹnì kejì á jọba. Ẹni tí wọ́n bá pa á dìde, á lọ bu omi wá fún ẹni tó pa á. Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójúde wa, tó dàgbà jù láàárín wọn, ló ń mójú tó òfin yìí, kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ àrùn tó ń ṣe ọkọ mi. Ìjà nìkan ló mọ̀. Gbogbo ọmọ rẹ̀ á ti dé àárín ọpọ́n kí ẹlòmíì tó sún ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ekukáká ni yóò fi ṣẹ́ ẹyọ kan kù sílé. Tó bá pàdé òpè, á lù ú bolẹ̀. Tó bá pàdé onísùúrù, omi ló ń lọ bù. Wọ́n ṣáà ní akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, irú wọn ní í bógun lọ. Èmi a máa rẹ́rìn-ín sínú ìkòkò.

Ọdún kejì yẹn ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran kan sí ọ̀nà Ìkẹjà. Wọ́n ń wá obìnrin tó kàwé, tí yóò máa ya òdòdó sára abọ́. Mo ka ìwé mẹ́fà, ọwọ́ mi sì dúró. Mo lọ dánwò, wọ́n fún mi ní lẹ́tà pé kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ọkọ mi wo lẹ́tà náà, ó ní ìyàwó òun ò ní máa sáré nítorí fèrè òyìnbó tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó di ọ̀sán Sọ́ńdè, tó ku ọ̀la, mo tún bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọjọ́ tí o bá pa mí nínú dáráfù ni wàá lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi gan-an. Mo pa iná àdògán, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ǹṣì.

"Ẹ to ọmọ yín, sà."

Ó rò pé eré ni. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ ní kí ó tò ó, pé ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wọn sì gbọ́.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ta á, torí mi ò lè jókòó kí n máa wo ọkọ mi lójú kòrókòró níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ jẹ ọmọ rẹ̀, mà á ní, "Ẹ má bínú, sà," mà á sì jẹ ẹ́. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Ó ṣe bí ìṣe rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo wọn síta, ó jẹ mí ní méjì, ó jẹ ẹ̀kẹta. Èmi fi mẹ́rin sẹ́yìn ọpọ́n mi, mi ò sún wọn rárá, ibi tó bá sì kọlù, ògiri ló ń bá. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣọ́lé, òun nìkan ni kò jẹ́ kí n rọ́nà wọlé lọ jọba. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́? Mo bá ti ọmọ mi kan sí i lẹ́nu. Kò lè kọ̀ ọ́, òfin ò gbà á láyè.

"Ẹ jẹ ẹ́, sà."

Ó jẹ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí aṣọ́lé yẹn ṣe fò kúrò, ọ̀nà là. Mo jẹ mẹ́ta léra, mo balẹ̀ sí ìdí ilé rẹ̀, mo jọba. Ọba ò sì dà bí ọmọ, ó ń rìn jìnnà. Kò pẹ́ tó fi gbá ìyókù mọ́.

Ẹ̀rù wá bà mí. Mo ti pa ọkọ mi níta gbangba, bí inú bá sì bí i, ó lè ní òun ò sọ nǹkan kan. Mo yára dìde, mo ní èmi ni mo máa bu omi.

"Ìyàwó káfíńtà, padà síbi tí o wà," Bàbá oníkẹ̀kẹ́ ní. "Òfin bẹ́ǹṣì ò mọ ọkọ, kò mọ ìyàwó."

Mo padà kúnlẹ̀. Ọkọ mi wo ọpọ́n títí. Ó fi ìka tọ́ ibi tí aṣọ́lé rẹ̀ ti kúrò, ó mi orí. Ó dìde, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, a gbọ́ tó ṣí ìdérí àmù. Ó gbé ife tánganran jáde, ó fọwọ́ méjèèjì mú un, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi.

"Gbà, mu ún," ó ní. "Kí o sì tètè sùn. Fèrè òyìnbó kì í dúró de ẹnikẹ́ni."