Òrùka Ìjánu Ẹṣin Lára Ọkọ̀ Onígbòkun

Ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Samaru, ní ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan tó dà bí ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀. Ó ti ṣèlérí pé òun á gbé mi lọ sórí adágún lọ́jọ́ Sátidé. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni òrùka irin tí okùn ìgbòkun ń gbà kọjá kán. Ó ní ká sún un síwájú. Mo ní rárá o, mo ti wọ bàtà.

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Birnin, ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi, sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe ìjánu ẹṣin. Ó kó òrùka sílẹ̀. Ọmọ mi mú èyí tó ń dán. Èmi fi Hausa bi bàbá náà pé èwo ló ti wà lẹ́nu ẹṣin rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ọ̀kan tó ti ṣú yọ. Pẹ̀lú gbogbo itọ́ ẹṣin yẹn, kò dógùn-ún.

"Màmá, ṣé ẹṣin la fẹ́ gùn ni?"

"Fi okùn tí o mú wá sí i wò ná. Bó bá há, a ó mú èyí tó ń dán."

Kò há. Ọmọ mi so ó mọ́ òpó ìsọ̀ bàbá náà, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, kò yẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, lórí adágún, afẹ́fẹ́ kún ìgbòkun, okùn le nínú òrùka ẹṣin náà, omi ń ta sí mi lójú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bẹ̀rù. Nígbà tí a padà dé etí omi, ọmọ mi na ọwọ́ sí mi pé kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó mi.

"Yí i padà," ni mo wí. "A ò tíì débì kankan."