Ẹ Má Sá, Jíire Ni

Ẹni tó bá gbé Ẹ̀gbẹ́dá láyé owó epo rọ̀bì, ẹ bi í nípa ọjọ́ tí Bàbá Jíire tú ọjà ká. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn, kó tó rántí pé olóògbé lẹ ń bèèrè.

Ọdún tó tẹ̀lé ọdún Údójì ni, ìyẹn ọdún tí ìjọba fi owó gọbọi kún owó oṣù. Jàfárù Àjàdí, Bàbá Jíire náà, télọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fi páálí ṣe orí àkùkọ ńlá kan, ó fi àgékù aṣọ rán ẹ̀wù tó bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló ti ń rán an ní bòńkẹ́lẹ́, ìyàwó rẹ̀ gan-an kò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wọ̀ ọ́, ó fò wọ ọjà. Jíire ló fẹ́ polówó, ògì gbígbẹ inú páálí tí èèyàn á kàn da omi gbígbóná sí. Kò tíì la ẹnu tí obìnrin kan fi figbe ta: “Yéè! Egúngún!”

Ẹ wo eré! Obìnrin wo ló fẹ́ dúró kó máa wo ẹni tó wà nínú ẹ̀kú? Tòmátì dànù, epo dànù, ìborùn ń já bọ́. Jàfárù bá gbá tẹ̀ lé wọn, ó ń pariwo nínú páálí: “Ẹ má sá! Ẹ má sá, Jíire ni!” Bó ṣe ń sáré tọ̀ wọ́n ni wọ́n ń fi kún eré. Ẹni tó wá sáré jù, tó ju igbá ògì sílẹ̀ tó gba ọ̀nà Ìpájà lọ, Ìdíátù ni, ìyàwó tí wọ́n jọ jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Lèmọ́mù ránṣẹ́ pè é lọ́sàn-án.

“Jàfárù, ìwọ mùsùlùmí, o gbé egúngún?”

“Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, àkùkọ ni.”

“Àkùkọ wo ló ga tó báyìí?” Lèmọ́mù fọwọ́ kan ẹ̀wù náà, ó sì tẹjú mọ́ ọn. “Dúró ná. Ṣé kì í ṣe aṣọ jálàbíà mi nìyí? Èyí tí o ní kò tó yọ àpò?”

Jàfárù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní kó lọ la ẹnu àkùkọ náà, kí aráyé lè máa rí ojú èèyàn níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá dé iwájú ilé kan, yóò ṣí ẹnu àkùkọ bí ilẹ̀kùn, yóò yọ ojú síta, yóò ní, “Ẹ má sá, Jíire ni!” Ohun tó tẹ̀ sára páálí nìyẹn. Bí kò bá wí i, wọn kì í rà á.

Àwọn kan ní owó ló ń lé. Irọ́ ni, jàre! Nítorí Ìdíátù ni. Ògì tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló ń tà kiri. Nígbà tí owó dé, tí gbogbo ilé ń to kọnfíléèsì òkè òkun sórí tábìlì, àwọn tí wọ́n fi ògì wò dàgbà kò pè é mọ́. Ó gbé igbá dé lọ́jọ́ kan bó ṣe gbé e lọ, ó jókòó ti máṣíìnì ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Hàbíbátù, bí wọ́n bá ti rí mi ni wọ́n ń gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?”

Jàfárù dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Omijé ìyàwó rẹ̀ dùn ún wọ egungun. “O ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Ògì ìyá rẹ á jókòó sórí tábìlì wọn.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá ògì sóòrùn lórí ẹní. Àkùkọ aládùúgbò kan ń ṣà á jẹ, kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Wọ́n lé e, ó padà. Wọ́n sọ ọ́ lókùúta, ó padà. Ìdíátù ní àwọn á fi se ọbẹ̀. Jàfárù ní láéláé. “Gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá kọ ògì wa, òun nìkan ló ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ẹ̀. Oníbàárà wa àkọ́kọ́ ni.” Bí àkùkọ ṣe dé ara páálí Jíire nìyẹn.

Tíṣà Matilda, ọmọ Èkìtì, ló le jù. Ó ní kọnfíléèsì nìkan lòun ń jẹ, páálí rẹ̀ sì wà lórí tábìlì, kálejò lè rí i. Jàfárù yà níbẹ̀ lójijì láàárọ̀ kan, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun tọ́ díẹ̀ wò. Kí Tíṣà tó dìde, ó ti gbé páálí náà. Ó wúwo, ó sì tutù. Ó wo inú rẹ̀: ògì tútù ni, tí wọ́n fi ewé wé!

Tíṣà bojú. “Bàbá Jíire, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí.”

“Tíṣà, ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹ ṣáà máa jẹ ẹ́ nínú páálí tèmi.” Kò sọ ọ́ títí ó fi kú. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ níbi fìdáù, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sunkún.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló mú Jàfárù lọ, ní ọdún 1979. Ìdíátù wọlé opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí Jíire. Orí àkùkọ wà lórí máṣíìnì, eruku ń bò ó. Wọ́n ní ó ti tán, kò sẹ́ni tó lè gbé e mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó jáde opó, àwọn ará ọjà ṣàdédé rí àkùkọ tó ń bọ̀. Àkùkọ olóògbé! Ẹ̀rù ba gbogbo wọn, wọ́n tún fi ọjà sílẹ̀, Tíṣà Matilda ló ṣáájú.

Àkùkọ náà kò lé wọn. Ó dúró láàárín tòmátì tó dànù, ó ṣí ẹnu. Ojú Ìdíátù ló yọ síta, omi ń dà níbẹ̀.

“Ẹ má sá,” ló wí. “Èmi tí mo sá fún un jù lọ ni.”