Káàdì Ìpè Tí Nọ́fíù Fi Fíláàṣì Ṣe

Bí ẹ bá dé Òkè-Ṣopẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ ń wá Nọ́fíù, ẹ sọ pé Nọ́fíù Fíláàṣì ni, kí ọlọ́kadà má bàa gbé yín lọ sílé Nọ́fíù télọ̀. Fíláàṣì ni wọ́n fi ń mú kí àwòrán máa jó kí orin máa dún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́un. Nọ́fíù kọ́ ọ ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́dún 2004, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Nígbà yẹn, iléèwé tí kò bá ní ẹyẹ tó ń fò lórí ojú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kò tíì bá Nọ́fíù pàdé ni.

Ayé wá yí. Àwọn tó ni Fíláàṣì fúnra wọn pa á tì, nígbà tí ọdún 2021 sì wọlé, kò sí bùráúsà tuntun, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó gbà á láyè mọ́. Gbogbo ayé gbọ́, àfi Nọ́fíù. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe àpídéètì sí. Ó ní májèlé ni. Lórí ẹ̀rọ yẹn, Fíláàṣì ṣì ń jó bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fáìzàh, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ ṣe nìkáà. Ní ìlú wa, ẹnu àti ẹsẹ̀ la fi ń pe èèyàn. Kúbúrá, ìyá Fáìzàh, ti wá obì sílẹ̀ tí yóò máa gbé kiri ojúlé.

"Kí wo wí, Kúbúrá?" ni Nọ́fíù fi jágbe mọ́ ọn. "Obì láyé ìsinsìnyí? Àṣà tó ti gbó!"

Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbígbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ya káàdì ìpè nínú Fíláàṣì: àtíbàbà, irinwó àga, àwọn èèyàn kéékèèké tó ń wọlé wá jókòó títí àga yóò fi kún, kí ọjọ́ àti ibi ayẹyẹ tó yọ. Ó fi ìlíǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú lórí Wásáàpù.

Fáìzàh ṣí i lórí fóònù rẹ̀, àpótí aláwọ̀ eérú kan tó ṣófo ló rí. "Bàámi, kò ṣí o."

"Fóònù rẹ ni kò dáa."

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, bàbá ní ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù. Ọmọ bá panu mọ́.

Ìlú ńkọ́? Àpótí eléérú ni gbogbo wọn rí. Ṣùgbọ́n ta ni Ìjẹ̀bú tó máa jẹ́wọ́ pé fóònù òun ò gbé e? Àlàájì Yínúsà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù ńlá, pàdé Nọ́fíù ní mọ́ṣáláṣí. "A rí i o! Ó rẹwà, máṣàállà!" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń wí, kálukú rò pé fóònù tòun nìkan ló gọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé tí nìkáà bọ́ sí, ìhà ọ̀dọ̀ ọkọ kún. Ní ìhà ti Nọ́fíù, obìnrin méjìlá péré ló wà, àwọn ẹbí Kúbúrá láti Ibíadé. Kúbúrá ti fọgbọ́n sọ pé òun ń lọ ra ẹja níbẹ̀, ó sì yọ́ gbé obì lọ pè wọ́n. Nọ́fíù pe Àlàájì Yínúsà lórí fóònù.

"Àlàájì, níbẹsí ẹ wà? Nìkáà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o!"

"Òní kẹ̀? Nọ́fíù, ká má purọ́, àpótí eléérú ni mo rí o!"

Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Fáìzàh wo àwọn àga tó ṣófo, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Mo sọ fún yín, Bàámi. Nígbà tẹ́ ò gbọ́, mo dákẹ́ kí n má bàa dójú tì yín. Ó dùn mí gan-an."

Ìtìjú lé Nọ́fíù wọ ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kí àwọn àlejò lè wá wò ó. Àwọn èèyàn kéékèèké ṣì ń wọlé, wọ́n ń jókòó, àga ń kún. Kúbúrá tẹ̀ lé e wọlé, ó wo ẹ̀rọ náà títí, ó sì gbé abọ́ ńlá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fáìzàh, àwọn àlejò yín rè é. Ẹ bu ìrẹsì fún wọn."