Ààwẹ̀ Olóògbé

Ara mi kì í balẹ̀ nígbà Lẹ́ntì. Àwọn fádà ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé àsìkò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni, àsìkò tí èèyàn ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Bóyá tiwọn rí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, bí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, màá ti dìde láti lọ wò bóyá wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, màá tún padà wá kúnlẹ̀, màá tún rántí pé mi ò tíì pa jẹnẹrétọ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó wá burú sí i, nítorí pé Lẹ́ntì àti Rámádàn wọlé pọ̀. Bí Rámádàn bá sì wọ Ẹdẹ, ìlú á yí padà. Ọ̀sán á pa lọ́lọ́, àwọn ọlọ́kadà pàápàá ò ní fẹ́ẹ́ bá èrò jiyàn, àfi bí ilẹ̀ bá ṣú tí gbogbo àdúgbò á wá jí sáyé. Èmi náà ń gba ààwẹ̀ tèmi láàrin wọn, ẹnì kankan ò sì mọ̀. Orí ń fọ́ mi, inú ń bí mi, mo ń fi ìbínú ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run.

Ìjọ mi kéré. Mo lè di ojú mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí n fi ikọ́ wọn mọ ẹni tó wá. Màmá àgbà kan wà láàrin wọn tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì láti iwájú. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n agboolé Mùsùlùmí, ọ̀kan lára àwọn agboolé àtijọ́ ní Ẹdẹ, ni wọ́n fẹ́ wọn sí. Ọkọ wọn ò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, Bàbá fúnra wọn ló máa ń sìn wọ́n wá. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níta, tẹ̀súbáà á wà lọ́wọ́ wọn, títí a ó fi ṣe Mísà tán. Mo máa ń ní kí wọ́n wọlé wá jókòó, wọ́n á ní atẹ́gùn ibi tí àwọn wà ti tó àwọn. Lọ́dún tó ṣáájú èyí, àìsàn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá, ní kété lẹ́yìn Rámádàn ọdún náà ni wọ́n sì kú. Ọjọ́ tí wọ́n kú náà ni wọ́n sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí àṣà Mùsùlùmí. Màmá ṣe opó wọn bó ṣe yẹ, nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n padà sórí bẹ́ǹṣì wọn.

Ààwẹ̀ ò tíì wọra dáadáa tí ọmọ wọn ọkùnrin fi wá bá mi ní ilé míṣọ̀n. Alùhájì ni, ó ń ta sìmẹ́ńtì lójú títì, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń bá Màmá gbé. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kí mi tẹ̀ríba tẹ̀ríba, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé ẹjọ́ ló gbé wá. Ó ní Màmá kì í jẹun mọ́. Láti ìgbà sààrì títí di ìṣínu, omi lásán kì í kan ẹnu wọn, àtọ̀gbẹ sì wà lára wọn, oògùn tí wọ́n ń lò kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń lò láìjẹun. Nígbà ayé Bàbá, Màmá máa ń bá gbogbo ilé dá sààrì, ṣùgbọ́n tó bá dọ̀sán, wọ́n á rọra jẹun nínú yàrá wọn kí wọ́n má bàa dá àwọn tó ń gbààwẹ̀ lọ́fun tòló. Ọdún yìí ni wọ́n yíwọ́ padà. Ó wá ní àwọn rò pé ààwẹ̀ tiwa ni. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì mi fẹ́ẹ́ pa ìyá òun.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Orí ẹní ni mo bá Màmá nínú yàrá wọn, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, ètè wọn ti gbẹ. Mo kí wọn tán, mo bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Mo ní Ìjọ ti yọ àgbàlagbà àti aláìsàn kúrò nínú ààwẹ̀ Lẹ́ntì, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbà á, èmi tí mo jẹ́ fádà wọn ni mo ń sọ ọ́. Màmá ní àwọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Mo bi wọ́n pé kí ló wá dé. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kì í ṣe Lẹ́ntì ni àwọn ń gbà. Mo ní kí wá ni. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ bá àwọn gbàdúrà, kí n máa lọ sinmi, oòrùn ti pọ̀ jù.

Mi ò mọ bí ó ṣe ń ṣe àwọn fádà tí sùúrù wọn pọ̀. Èmi gbaná jẹ. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ti ṣẹ Ọlọ́run, mo tún sọ àwọn nǹkan mìíràn tí mi ò ní kọ síbí. Màmá fetí sí mi dé ìparí. Wọ́n ní kí n má bínú. Mo jáde, Alùhájì ń wo ẹnu mi, mo kọjá lára rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìdí mi ò gba ìjókòó mọ́. Mo lọ ṣe Mísà ní Sẹ̀kọ̀nà, mo ka ìwé Ìhìnrere ọjọ́ mìíràn, ó dìgbà tí obìnrin kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wò mí kí n tó mọ̀. Mo lọ kí àwọn ìdílé wa kan lóko ní apá ìlú Ara, wọ́n gbé iṣu sísun fún mi, mo ní mo ń gbààwẹ̀, bí mo sì ṣe sọ ọ́ ni ojú Màmá yọ sí mi. Kí ni mò ń gbà á fún? Nítorí pé àsìkò rẹ̀ ló tó. Òbí tó bí mi gbà á, èmi náà ń gbà á. Màmá ní ohun tí wọ́n ń gbà á fún, wọn ò sì fẹ́ sọ ọ́ fún mi. Mo gbàdúrà fún wọn, àdúrà náà ò gbéra nílẹ̀. Kí ni Ọlọ́run ń fi mí ṣe nílùú yìí gan-an? Mo bi í léèrè bẹ́ẹ̀, mo tún tọrọ àforíjì, mo tún bi í.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, kí wọ́n tó kí ìrun Jímọ̀, Alùhájì tún dé. Kò bọ́ bàtà lọ́tẹ̀ yìí. Màmá ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi lánàá, wọ́n gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn, ṣúgà ara wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n gbé wọn padà wálé. Dókítà ní bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹnikẹ́ni má wá bi òun. Láàárọ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú Màmá, Màmá dé e padà.

Alùhájì ní, "Fádà, ìyá mi fẹ́ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo ti pinnu lójú ọ̀nà pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo jókòó lórí àpótí nínú yàrá Màmá, mo pa ẹnu mi dé. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé ìyà ńlá ni mo fi jẹ ara mi. Mo ń mi ẹsẹ̀, mo ń ka pákó àjà. Màmá wò mí, wò mí, ó jọ pé àánú mi ló wá ṣe wọ́n.

Wọ́n ní, "Bàbá àwọn ọmọ ò lè gba ààwẹ̀ tó gbẹ̀yìn wọn. Ẹ mọ̀ pé apá kan ara wọn ti kú. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní àwọn ń gbé gbèsè Ọlọ́run lọ. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé èmi á bá wọn gbà á. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sùn."

Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ṣẹ́ fádà, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ohun tí à ń sọ fún onígbàgbọ́ tó jẹ Ọlọ́run ní ààwẹ̀ Rámádàn nítorí ọkọ rẹ̀. Ta ni kí n pè? Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún àwọn ọmọ. Wọ́n ní àwọn ọmọ á sọ pé àwọn kì í ṣe Mùsùlùmí, pé ààwẹ̀ àwọn ò ní ka sí Bàbá lọ́rùn. Wọ́n wá bi mí bóyá òótọ́ ni, bóyá kò ní í dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Mo tọrọ àyè pé kí wọ́n jẹ́ kí n pe ọmọ wọn wọlé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà.

Alùhájì kúnlẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Màmá sọ̀rọ̀ tán, ó ní ẹ̀sìn àwọn ò béèrè ààwẹ̀ lọ́wọ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ló béèrè: fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò lè gbà, kí wọ́n bọ́ tálákà kan. Ó ní kò yẹ kí Màmá fi ebi pa ara wọn. Ara tù mí. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti wá bọ́ àwọn tálákà náà.

Alùhájì wolẹ̀. Ó ní òun rò pé ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Ìbàdàn ti ṣe é. Ó tún ní ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n òun náà rò pé òun ti ṣe é nílé.

Màmá ní, "Mo mọ̀. Inú ilé yìí ni mo wà. Mi ò rí ẹni tó wá jẹun."

Omi bọ́ lójú Alùhájì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyá rẹ̀, ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ lọ́la, òun á rán ìkòkò ìrẹsì lọ sí mọ́ṣáláṣí. Màmá mi orí. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀la rí. Lójú àwọn báyìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ò ní fi nǹkan kan kan ẹnu. Alùhájì ní ibo ni òun ti fẹ́ rí tálákà tó máa jẹun lọ́sàn-án gangan, nínú oṣù ààwẹ̀, ní Ẹdẹ? Ó ń sọ òótọ́. Gbogbo tálákà tó mọ̀ ló ń gbààwẹ̀.

Màmá nawọ́ sí mi.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Wọ́n pe ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n ní kó gbé oúnjẹ àárọ̀ yẹn wá, kó tún gbé e kaná, kó bù ú sọ́nà méjì. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ni. Wọ́n ní kí n má dààmú, ẹja ló wà nínú rẹ̀, àwọn ò gbàgbé pé ọjọ́ Ẹtì ni. Mo ní, "Màmá, èmi náà ń gbààwẹ̀. Èmi kì í sì í ṣe tálákà."

Wọ́n ní, "Ẹ ò láya. Ẹ ò bímọ. Ilé tí ẹ̀ ń gbé kì í ṣe tiyín, ọ̀la ni wọ́n lè ní kí ẹ máa lọ. Fádà, bí ẹ bá kú lónìí, ta ló máa bá yín gba èyí tó bá kù lọ́rùn yín?"

Mo wo Alùhájì, mo rò pé á sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀sìn ò gbà á. Ó dìde, òun tí itọ́ ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé abọ́ omi wá fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń da omi sí mi lọ́wọ́.

Òkèlè àkọ́kọ́ kọ̀ láti lọ. Èkejì lọ. Màmá ń wò mí títí abọ́ fi mọ́ tónítóní. Wọ́n wá fa tiwọn sún mọ́ra, wọ́n ṣe bísímilà fún ọkọ wọn, wọ́n fi àmì àgbélébùú sàmì sí ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.