Àjàrà Orí Koríko

Mo ṣì kéré gan-an nígbà tí àwọn òbí mi ra ilé ní ìlú Lanham lókè òkun, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1995, ẹ ó rántí òórùn ata díndín tó máa ń lẹ̀ mọ́ kóòtù wa tí a bá ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Ojú máa ń tì mí nígbà náà. Òpònú ni mí!

Màmá Odẹ́ẹ̀tì, arúgbó òyìnbó Faransé kan, ni aládùúgbò wa. Júrà ni wọ́n bí i sí, agbègbè olókè kan ní ìlà-oòrùn Faransé tí ọ̀pọ̀ òyìnbó gan-an kò mọ̀. Ó gbin àjàrà sẹ́yìn ilé rẹ̀. Nílé wọn, bàbá rẹ̀ máa ń fi àjàrà ṣe ọtí kan, ṣùgbọ́n wọn kì í fún omi rẹ̀ nígbà tó bá ṣì tútù. Orí koríko gbígbẹ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí lórí àjà, láti ìgbà ìkórè títí di àárín ọ̀gìnnìtìn, kó lè súnkì, kí adùn rẹ̀ sì ki. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un, wọ́n á sì fi pamọ́ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán.

Lọ́dún kan, orúnkún Màmá Odẹ́ẹ̀tì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ó fẹ́ ta ilé, kó kó lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó. Ìkórè rẹ̀ ìkẹyìn nìyẹn, agbọ̀n méjì péré. Ó fẹ́ fi ṣe ọtí náà sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò dé Júrà rí, kó lè tọ́ ilé bàbá ìyá rẹ̀ wò.

Èmi ni mo ń gun àjà gáréèjì rẹ̀ ní gbogbo Sátidé láti yí àjàrà náà, kí n sì ṣa èyí tó bá rà kúrò. Bàbá mi kọ́kọ́ kọ̀, torí Mùsùlùmí ni wá. Màámi ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Èso lọmọ ń yí, kì í ṣe ọtí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fún omi rẹ̀, kò ní débẹ̀ mọ́."

Ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sí oṣù kìíní. Lọ́jọ́ kan, àwọn ará mọ́ṣáláṣí wá ṣínu nílé wa. Yìnyín ti dí títì pa, dàbínù sì tán kí ó tó kárí. Ojú Màámi rẹ̀wẹ̀sì. Mo bá gbé abọ́, mo sáré lọ sí gáréèjì. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo ní lọ́kàn o! Ṣùgbọ́n àwọn àgbà jẹ ẹ́, wọ́n ń súre: "Ọmọ dáadáa! Èyí mà dùn ju dàbínù lọ!" Orí mi wú. Mo padà lọ, mo tún padà lọ, títí ó fi ku koríko nìkan.

Màámi bi mí níbi tí mo ti rí i. N kò lè purọ́ lóṣù ààwẹ̀, mo jẹ́wọ́. Alùfáà kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó kúkú dáa. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kó di haraamu."

Màámi, tí kì í gbó àgbà lẹ́nu, ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi ẹ̀sìn bo olè. Ohun olóhun la fi ṣínu yìí. Haraamu náà nìyẹn."



Ilẹ̀ ń mọ́, ó fà mí létí lọ sọ́dọ̀ Màmá Odẹ́ẹ̀tì, ó sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. N kò rí i kó kúnlẹ̀ fún òyìnbó rí. Omi ń dà lójú arúgbó náà. Ó bi mí pé, "Ṣé ó dùn?" Mo ní ó dùn, ni mo bá bú sẹ́kún. Ó ní ìjìyà mi ni kí n gé ẹ̀ka mẹ́ta lára àjàrà òun, kí n gbìn ín sẹ́yìn ilé wa, kí n má sì jẹ́ kó kú. Mo gé e nínú òtútù, ìka mi ń ro mí goro. Kí ó tó so, Màmá Odẹ́ẹ̀tì ti kú. Ẹni tó ra ilé rẹ̀ sì ti hú ìyókù dànù.

Láyé ìgbà yẹn, èèyàn lè fi gáréèjì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ aládùúgbò. Lónìí, àwọn ọmọ mi kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, dàbínù sì kún ṣọ́ọ̀bù bí iyanrìn. Àjàrà yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé ní Lanham. Bó bá ti di oṣù kìíní, mo máa ń gbé agbọ̀n méjì tó ti gbẹ lórí koríko lọ fún ọmọ Màmá Odẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ mi máa ń béèrè ohun tí obìnrin náà ń fi ṣe. Èmi kì í béèrè. Ohun olóhun ni.