Ìka Kan ní Hóséà, Ìka Kan ní Mátíù

"Fi ìka òsì síbẹ̀. Má yọ ọ́ o."

Èèpo ẹ̀wà ti bo ojú omi nínú abọ́ ńlá. Ìyá bàbá mi ń fi ọwọ́ méjèèjì bó ẹ̀wà náà, wọ́ṣọ́-wọ́ṣọ́, bí ẹni ń fọ aṣọ ọmọ jòjòló. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń se mọ́ín-mọ́ín nínú ilé wa ní Irving, nílùú òyìnbó. Bí bàálù tó ń lọ balẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú DFW bá fò kọjá lórí wa, fèrèsé a gbọ̀n, màmá àgbà a ní kí n dúró ná nínú Bíbélì tí mò ń kà fún wọn. Wọn kì í jẹ́ kí ariwo kankan bá Bíbélì du ọ̀rọ̀ sọ. Ọwọ́ wọn ò gbẹ, Yorùbá mi sì nílò àmúró, nítorí náà èmi ni mò ń kàwé.

Ìka òsì mi á wà nínú ìwé wòlíì, ti ọ̀tún á wà nínú Ìhìn Rere. Míkà á dárúkọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Mátíù á mú wa débẹ̀. Sekaráyà á rí ọba lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìka ọ̀tún mi á pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Jerúsálẹ́mù. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ṣé o rí i?" ni wọ́n á wí, bí ẹni tó ṣàdédé rí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe láàárín èrò.

Nígbà yẹn, bàbá mi ṣì wà ní Ìbàdàn, wọ́n ń dúró de físà. Ohùn wọn lórí fóònù nìkan ni mo mọ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kan, a ka ibi tí Hóséà ti ní Ọlọ́run pe ọmọ Rẹ̀ jáde láti Íjíbítì, a sì ka bí Mátíù ṣe rántí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí wọ́n gbé Jésù sá lọ síbẹ̀. Mo fò sókè.

"Grandma, it's Daddy! Ọlọ́run ń pe Daddy jáde láti Nigeria!"

Màmá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bàbá mi ń bọ̀ ní Kérésì, Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmín tí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé. Ìjọ tó jẹ́ pé ìdajì wọn ló ń retí físà ẹnì kan, ṣé wọn ò ní ṣe àmín?

Kérésì ku díẹ̀ nígbà tí ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọn ò tilẹ̀ bọ́ bàtà kí wọ́n tó kọjú sí màmá àgbà.

"Mummy, wọ́n refuse físà yẹn. Wọ́n ní kí Daddy tún apply."

Mo pa Bíbélì dé gbàù. "It lied!"

Ìyá mi fẹ́ bá mi wí. Màmá àgbà gbé ọwọ́ tó ń kán omi sókè.

"Bíbélì ò parọ́, ọkọ mi. Àwa la sáré. Ísírẹ́lì tó kúrò lóko ẹrú ni Hóséà ń sọ. Mátíù ti bá Jésù rìn, ó ti bá A jẹun, kó tó wẹ̀yìn wò, kó sì rí i pé ọ̀nà tí Ísírẹ́lì gbà ni Jésù náà gbà. Ẹni tó bá ti dé la máa ń bi léèrè ọ̀nà tó gbà." Ohùn wọn yí padà. "Ọmọ mi ni bàbá ẹ. Mo fẹ́ kó dé ju bí o ṣe fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹnu Ọlọ́run ṣèlérí fún ẹ."

Omijé wọn ń kán sínú abọ́ bí wọ́n ṣe padà sídìí ẹ̀wà. Mọ́ín-mọ́ín ọjọ́ náà ò níyọ̀ rárá, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí bàbá mi yóò fi dé, ooru ti mú, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nínú mọ́tò, lójú freeway, màmá àgbà di ọwọ́ bàbá mi mú, wọn ò fi í sílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kejì yọ Bíbélì nínú báàgì.

"Ọkọ mi, ka ibi yẹn wàyí."

Mo fi ìka méjèèjì sí àyè wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí Ọlọ́run ti ń pe ọmọ Rẹ̀, màmá àgbà já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. "Ọmọ mi," ni wọ́n ń wí, "ọmọ mi." Bàálù kan ń han kọjá lórí wa. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò dúró dè é.

Mo fẹ́ràn màmá àgbà gan-an, àárò wọn ò sì tíì tán lára mi. Títí dòní, bí ohun tí mò ń retí bá pẹ́, mi kì í fi ọ̀rọ̀ sí Ọlọ́run lẹ́nu. Mo máa ń fi ìka òsì mi síbẹ̀, kí n sì dúró.