Jíìpù Olóògbé

Bí epo dísù bá ti rùn, jíìpù olóògbé aládùúgbò wa ni mo máa ń rántí. Bàbá mi, tí kò fẹ́ràn ọkọ̀ míràn àfi Pijó, ló yá a lọ́wọ́ ìdílé olóògbé lọ́sàn-án òjò kan tí Pijó rẹ̀ kò lè la ẹrẹ̀ kọjá, láti gbé ìyá mi tó ń rọbí láti Ọ̀kà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dákẹ́.

"Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín!" ni ìyá mi kígbe.

Bàbá mi kọjú sí àga òfìfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé olóògbé wà níbẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa."

Ẹ́ńjìnnì dún. Jíìpù ń gun ẹrẹ̀ àti òkúta nínú kùrukùru, ìdarí ọkọ̀ ń yí fúnra rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ bàbá mi. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ni olóògbé máa ń gbé àwọn aboyún gbà lọ sí ilé ìwòsàn nígbà ayé rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ ké, bàbá mi padà lọ bá àga òfìfo inú jíìpù náà sọ̀rọ̀: "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. N óò ta Pijó mi."